Láti Arakale Dé Ààfin Gyeongbokgung

Léèsì la fi mọ Kòríà ní òpópónà Arakale, ní Àkúrẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní òpópónà yẹn. Wọn kì í wo àmì ara aṣọ kí wọ́n tó mọ èyí tó wá láti Austria, èyí tó jẹ́ ti Switzerland àti èyí tó jẹ́ ti Kòríà. Wọ́n á kàn fi ìka méjì ra á wò ni. Oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Màmá, ẹ bá mi mú Kòríà yẹn wá, owó ọwọ́ mi ò ká Austria." Àwọn tó ń ta ọ̀kírìkà náà á máa pariwo pé bélì Kòríà làwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Lẹ́yìn ìyẹn ni tẹlifíṣàn Samsung àti fíríìjì LG wọ ilé wa, tí Kia àti Hyundai sì gba ojú títì. Fíìmù ló gbòde báyìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi mọ orúkọ àwọn òṣèré Kòríà lórí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà níbẹ̀.

Nàìjíríà àti Gúúsù Kòríà ti ń bá ara wọn ṣe láti ọdún 1980. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí ilé àṣà Kòríà sí Àbújá, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ èdè wọn àti taekwondo, tí wọ́n sì ti ń fojú ara wọn rí aṣọ ìbílẹ̀ wọn. Èmi kò tí ì dé ibẹ̀ rí tí àbúrò mi obìnrin fi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí yunifásítì kan ní Seoul, olú ìlú wọn, tó sì ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ kan wà nínú ìsinmi náà tá a fi ẹsẹ̀ rin àárín ìlú àtijọ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ròyìn, pàápàá ààfin tá a wọ̀, torí pé àwa náà ní ààfin ní Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tí kò yà síbẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká tètè jáde. Aago mẹ́wàá làwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń pààrọ̀ ara wọn, ẹ ò gbọ́dọ̀ pàdánù ẹ̀." Bí àbúrò mi ṣe jí mi nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló gbé wa dé Gwanghwamun. Bá a ṣe gun àtẹ̀gùn yọ sókè, gbàgede gbalasa kan ló wà níwájú wa, ère ńlá méjì sì wà lórí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti Yi Sun-sin, ọ̀gágun orí omi tó dá ọkọ̀ ogun àwọn ará Japan padà; láti ọdún 1968 ló ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ọba Sejong ló jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹnubodè ààfin wà lẹ́yìn ọba, òrùlé ààfin wà lẹ́yìn ẹnubodè, òkè àpáta Bugaksan sì gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀n. Òkè náà kò lè bá ti Ìdànrè dọ́gba, ṣùgbọ́n ó yé mi lójú ẹsẹ̀ ìdí tí wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀. Ọba tó bá fi ẹ̀yìn ti àpáta kò ní máa bojú wẹ̀yìn.

Yi Seong-gye ló kọ́ ààfin náà. Ọ̀gágun ni òun náà. Ó gba ìjọba ní ọdún 1392, wọ́n sì ń pè é ní Ọba Taejo. Ọdún 1395 ni wọ́n parí ààfin Gyeongbokgung. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ìlù ńlá kan dún, fèrè gígùn dáhùn, wọ́n tún fọn ìkarahun òkun bí ẹní fọn ìwo ẹfọ̀n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde nínú aṣọ pupa, aṣọ aró àti aṣọ yẹ́lò, àsíá níwájú, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn ń lọ lọ́gbọọgba. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín nínú wọn. Àwọn ọmọ iléèwé tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pa ẹnu mọ́ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ẹni tó bá rí ibẹ̀ á rò pé bó ṣe wà láti ọdún 1395 nìyẹn. Rárá o. Ní ọdún 1592, nígbà tí ogun Japan wọ ìlú, iná jó ààfin náà kanlẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 270 ọdún kó tó di pé bàbá Ọba Gojong, tó ń ṣe àkóso nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, tún un kọ́ ní ọdún 1867, ilé tó lé ní 300 nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1895, àwọn tí Japan rán níṣẹ́ wọ inú ààfin yìí gan-an, wọ́n sì pa olorì. Nígbà tó di ọdún 1910, Japan gba gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n tú àwọn ilé ààfin, wọ́n ta púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì kọ́ ọ́fíìsì olókùúta ràgàjì kan fún gómìnà wọn. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1926, iwájú gbọ̀ngàn ìtẹ́ ni wọ́n sì gbé e sí, kí ẹni tó wà lójú títì má baà rí ibi tí ọba ń jókòó mọ́.

Japan kó ẹrù lọ ní ọdún 1945, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yẹn ṣì dúró fún 50 ọdún lẹ́yìn náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1995, tó pé 50 ọdún géérégé tí wọ́n gba òmìnira, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o. Iṣẹ́ àtúnkọ́ ààfin ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1990. Wọ́n dá ẹnubodè padà sójú rẹ̀ gan-an ní ọdún 2010, iṣẹ́ náà kò sì tí ì parí. Nígbà tí ẹnì kan tún dáná sun Sungnyemun, ẹnubodè ìlú àtijọ́, ní ọdún 2008, àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n pè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn tó ń sun amọ̀ tí wọ́n fi ń bolé àti àwọn tó ń po àwọ̀ ara igi. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i padà. Ìfẹ́ tí èèyàn ní sí ilé bàbá rẹ̀ kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi.

Owó ìwọlé ààfin jẹ́ 3,000 won, owó ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, kì í san kọ́bọ̀, ì báà ṣe ọmọ onílẹ̀, ì báà ṣe àlejò. Nítorí òfin kékeré yìí, ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni láṣọ kún gbogbo àdúgbò náà. Àwa náà yà sí ọ̀kan. Ti obìnrin ní ẹ̀wù kúkúrú tí wọ́n ń pè ní jeogori, ọ̀já gígùn ni wọ́n fi ń so ó níwájú àyà. Yẹ̀rì ńlá tí wọ́n ń pè ní chima sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè àyà, ó fẹ̀ dé ilẹ̀. Ti ọkùnrin jẹ́ ẹ̀wù àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń wọ aṣọ fún wa so ọ̀já mi, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un so. Mo ní n kò ní tú ìborí àdìrẹ orí mi. Ó wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó ra á bí ìyá mi ṣe máa ń ra léèsì, ó sì mi orí pé ó dára.

Ohun tí mo rí nínú ààfin lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń rò títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ tí kì bá ti fọwọ́ kan aṣọ bàbá ńlá wọn àyàfi lọ́jọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n wọ̀ ọ́ lọ gbagidi láàárọ̀ ọjọ́ lásán, tí wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò, tí ẹ̀rín gba ẹnu wọn. Ẹnikẹ́ni kò fìyà jẹ wọ́n kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ló ṣe é. Télọ̀ ń rí iṣẹ́ ṣe, aláṣọ ń tà, fọ́tògíráfà ń jẹun. Ọmọ ìyá aláṣọ ni mí, mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn fún ọjà.

Níwájú gbọ̀ngàn ìtẹ́, Geunjeongjeon, wọ́n ri àwọn òkúta kéékèèké mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì. Wọ́n fín ipò oyè sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ipò kìíní títí dé ìkẹsàn-án. Àwọn ìjòyè tó ń fi ìwé sìnlú a máa dúró ní ìlà-oòrùn, àwọn ọmọ ogun ní ìwọ̀-oòrùn. Bó bá di ọjọ́ ìpàdé, kò sẹ́ni tó ń jà sí àyè. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn ìtẹ́ ni wọ́n ya àwòrán oòrùn, òṣùpá àti òkè márùn-ún sí, torí ibi gbogbo tí ọba bá jókòó sí ni àwòrán yẹn ń bá a lọ.

Ọkàn mi fò padà sí Àkúrẹ́. A kò ri òkúta mọ́lẹ̀ fún àwọn ìjòyè wa, Olísà, Aṣàmọ̀ tàbí Ẹlẹ́mọ̀. Ìran dé ìran ni wọ́n fi mọ ibi tí kálukú ń jókòó níwájú Déjì, ọba wa. Ààfin wa náà pín sí àgbàlá, tí a ń pè ní ùà. Ìtàn sọ pé ọdún 1150 ni wọ́n ti kọ́ ọ, àgbàlá rẹ̀ sì lé ní 15, iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ùà Ìkómọ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Ùà Ubúra wà fún ìbúra nìkan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá mú débẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó gbé odindi ìwé jáde lórí àwọn ààfin Yorùbá ní ọdún 1966, ẹni tó bá sì kà á á rí i pé àwọn baba wa ro ọ̀rọ̀ ilé ọba jinlẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri kankan. Ààfin Ọlọ́wọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa, ní àgbàlá tó lé ní 100 nígbà kan. Bá a ṣe ń gba inú àgbàlá kan bọ́ sí òmíràn ní Gyeongbokgung, tí ẹnubodè ń ṣí sínú ẹnubodè, kò ṣe mí bí àlejò rárá. Ẹni tó mọ ààfin Yorùbá ti mọ bó ṣe yẹ kéèyàn rìn níbẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà nínú ọgbà ààfin náà, ọ̀fẹ́ ni wíwọ̀ rẹ̀. Wọ́n to ìgbésí ayé ọmọ Kòríà síbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú. Bí ọmọ bá pé ọdún kan, wọ́n á to òwú, owó, ìrẹsì àti gègé ìkọ̀wé síwájú rẹ̀. Èyí tó bá nawọ́ mú ni wọ́n á fi mọ ohun tí ayé rẹ̀ yóò dà: òwú fún ẹ̀mí gígùn, gègé fún ìwé. Mo dúró pẹ́ níwájú tábìlì yẹn. Mo ronú kan oyin, iyọ̀, obì àti omi tí wọ́n fi kan ètè mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi. Ọmọ mélòó ní Àkúrẹ́ lónìí ló ti rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí níbi kan, pẹ̀lú ẹni tó máa ṣàlàyé wọn fún un?

Kí n má gbàgbé Ọba Sejong tó jókòó síta. Òun ló ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì tí Kòríà ń lò, Hangul. Ọdún 1443 ló parí rẹ̀, ọdún 1446 ló gbé e jáde, nítorí pé lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà le jù fún mẹ̀kúnnù. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá jẹ́ ìsinmi fún gbogbo Gúúsù Kòríà nítorí álífábẹ́ẹ̀tì yìí. Ọdún 1843 gan-an, 400 ọdún lẹ́yìn Sejong, ni Samuel Àjàyí Crowther gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde. Inú mi á dùn bí àwa náà bá ní ọjọ́ kan tí a óò ti ilé ìwé àti ọ́fíìsì nítorí ìyẹn.

Ọ̀sán la dé Bukchon, àdúgbò orí òkè tó kún fún ilé ìbílẹ̀ wọn. Igi, amọ̀ àti bébà ni wọ́n fi kọ́ ọ, òrùlé rẹ̀ sì tẹ̀ sókè létí. Ọgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ ló wú mi lórí: èéfín àti ooru iná ààrò ń gba abẹ́ òkúta ilẹ̀ yàrá kọjá kó tó jáde, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ fi ń móoru nígbà òtútù, tí wọ́n fi ń sùn tí wọ́n sì ń jẹun nílẹ̀. Ondol ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. Ṣùgbọ́n èèyàn ń gbé inú àwọn ilé yẹn o, àlejò sì ti sú wọn. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń gba owó ìtanràn 100,000 won lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tó bá rìn gbẹ̀rẹ̀ ní òpópónà kan níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ gba àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáàbò bo ẹni tó nilé.

Ọjà Gwangjang ni ìyá mi ì bá fẹ́ràn jù. Ọdún 1905 làwọn oníṣòwò Kòríà dá a sílẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún fún sílíkì, aṣọ ọ̀gbọ̀ àti hanbok tí wọ́n ń rán fún ìyàwó. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ti oúnjẹ. Àwọn ìyá jókòó lórí àga kékeré, ọlọ òkúta ń lọ ẹ̀wà tútù kan, wọ́n ń da á sínú epo gbígbóná. Bindaetteok lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ àkàrà Oǹdó pẹrẹsẹ nígbà tó ṣì ń ta nínú epo, tí ẹ fi àlùbọ́sà eléwé sí i, ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ìyá tó tà á fún wa fi ọwọ́ méjèèjì na àwo, ọwọ́ méjèèjì ló fi gba owó. Àbúrò mi tẹrí ba fún un, ó pè é ní orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin tó ti tó ìyá ẹni, torí wọn kì í pe àgbà lórúkọ. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, àwọn ọmọ a máa wólẹ̀ fún òbí wọn, iwájú orí á sún mọ́ ilẹ̀, òbí á súre, á sì fún wọn lówó. Mo fi orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ kí ìyá olóúnjẹ náà lọ́nà tiwa. Ó kígbe, ó fà mí dìde, ó sì tún bu bindaetteok kan lé wa lọ́wọ́.

Lálẹ́, a gun òkè Namsan lọ wo ìlú láti orí ilé ìṣọ́ rẹ̀. Iná pọ̀, ó lẹ́wà, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn mí.

Nígbà tí mo padà sí Arakale, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi fọ́tò han ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé ọba wọn ṣì wà nínú ilé yìí?"

"Rárá, Màámi. Wọn ò lọ́ba mọ́ láti 1910."

"Ààfin tí kò lọ́ba ni wọ́n ń tọ́jú báyìí? Tiwa lọ́ba níbẹ̀ o."

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Arakale wá sí Ọjà Ọba ti dé iwájú ààfin Déjì. Ọ̀nà ńlá tó gba àárín ìlú kọjá ń jẹ́ orúkọ Ọba Adésídà Kìíní, tó jọba láti ọdún 1897 dé 1957. Ọdún Ulefunta ṣì ń bọ̀ lọ́dọọdún, nígbà tí Déjì bá wà ní ìpàmọ́, tí ìlù kì í sì í dún nígboro. Ní Ìdànrè, èèyàn lè gun àtẹ̀gùn lọ sórí òkè lọ wo ààfin àti ilé tí àwọn baba ńlá gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ọdún 1920. Òkè náà ti wà lára ohun tí Nàìjíríà kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO láti ọdún 2007. Ní Oǹdó, wọ́n á sọ fún yín pé obìnrin ló kọ́kọ́ jẹ Oṣemàwé, ọba ìlú náà, Púpùpú lorúkọ rẹ̀, wọ́n á sì sọ ipò Lọ́bùn fún yín, obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọjà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìfinijoyè Oṣemàwé. Kò sí ohun tí Seoul fi ọjọ́ kan hàn mí tí ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní irú rẹ̀.

Ohun tí a kò ní ni òfin kékeré ti aṣọ ìbílẹ̀ yẹn àti ẹni tó máa mú èèyàn yí ká. Mo ń bẹ àwọn tó ń bójú tó ààfin àti ìjọba ìpínlẹ̀: ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí ẹni tó bá wọ òfì tàbí àdìrẹ, bùbá àti ìró, dàńṣíkí àti fìlà, wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó wọ ṣòkòtò jíìnsì san owó díẹ̀. Kí àgbà kan tó gbọ́ èdè Àkúrẹ́ dáadáa dúró ní Ùà Ìkómọ, kó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ èèwọ̀ fún àlejò, kó máa jẹ́ èèwọ̀ lọ. Àwọn aláṣọ Arakale á ṣètò aṣọ yíyá. Ìyá mi ti ka ìró àti bùbá tó wà nílẹ̀, wọ́n ní àwọn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn. Mo ti bá ọ̀gá àwọn ọmọ onírun sọ̀rọ̀ náà, ó ní bí àyè bá ṣí, òun á ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan, òun á sì kó gbogbo wọn wá.